Bàbá Wa Tí Kì í Jẹ́ Àlàájì

Bí ẹ bá pe baba tó bí ìyá mi ní Àlàájì, kò ní dá yín lóhùn. Ẹ lè pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ lè fọwọ́ kàn án léjìká, okùn àgọ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kàn máa ká lọ. Bó bá wá sú u, á yíjú, á ní, "Mi ò tíì ṣe Hájì. Sùbérù lorúkọ mi." Ní ilẹ̀ yìí tí gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá ti hu irùngbọ̀n funfun ń jẹ́ Àlàájì, tí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú bàlúù lánàá gan-an ń jẹ́ ẹ, ìwà yẹn máa ń tì mí lójú. Láti ilé wa ní Ruwais ní Jẹ́dà sí Mẹ́kà, kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ nínú ọkọ̀. Àwọn èèyàn wà ní Ìwó tí wọ́n ń ta ilẹ̀ baba wọn kí wọ́n lè fojú kan ibẹ̀. Bàbá gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ fún bí ogójì ọdún, kò ṣe Hájì, ó sì ti kú báyìí.

Àwọn ẹbí ní kí n kọ nǹkan ṣókí nípa rẹ̀ kí wọ́n kà á níbi àdúà ní Ìwó. Mo kọ ọ́. Mo ní onísùúrù ni, mo ní kì í pa ìrun jẹ, mo ní ó fẹ́ràn àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́. Èyí tí mo ń kọ yìí ni tèmi, ẹni tó bá rò pé kò yẹ kí n kọ ọ́ kó má kà á.

Ṣọ́ọ̀bù tó ti ṣiṣẹ́ wà ní Bahra, lójú ọ̀nà àtijọ́ tó so Jẹ́dà mọ́ Mẹ́kà, láàárín àwọn tó ń tún táyà ṣe àti ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan. Àgọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àti gbogbo ohun tí èèyàn ń dì lọ sí aṣálẹ̀: ẹní, àga tó ń ká, kúlà, sítóòfù gáàsì, àti àpò tí wọ́n ń wọ sùn nígbà òtútù. Bí òtútù bá ti ń dé tí àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ṣe fàájì nínú yanrìn, a kì í ráyè jẹun. Bí ìgbà Hájì bá dé, ẹní àti agbòòrùn á tán lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá mú gan-an, ẹ lè jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ má rí ẹyọ ẹnì kan, àfi ẹni tó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe. Èmi náà ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, láti ìgbà tí wọ́n ti ń gba obìnrin sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ló bá ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ nítorí mi, òun náà ló sì kọ́ mi níṣẹ́.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọkùnrin kan gbé àgọ́ dá padà. Ó ní òun ò tíì tú u rí, ó ní àwọ̀ rẹ̀ ni kò wu ìyàwó òun. Mo tú u wò. Irun ewúrẹ́ kún inú rẹ̀, ìgbẹ́ wọn pàápàá wà ní igun kan. Inú bí mi, mo sì ti ń la ẹnu láti sọ ohun tí wọn ì bá torí ẹ̀ lé mi lọ sílé lọ́jọ́ náà. Bàbá gba àgọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó ká a jẹ́jẹ́, ó wá bi ọkùnrin náà ní Lárúbáwá tó dùn létí, tẹ̀ríntẹ̀rín, "Àwọn ewúrẹ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n sùn dáadáa?" Ọkùnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì wa ọkọ̀ náà lọ.

Lárúbáwá rẹ̀ dáa ju ti àwọn mìíràn tí wọ́n bí síbí lọ, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó wọ ilé wa. Bí mo bá dá a lóhùn ní Lárúbáwá nígbà tí mo wà lọ́mọdé, á kàn máa wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Mo lè ní ebi ń pa mí, kó máa wò mí. Mo lè sunkún, kó ṣì máa wò mí. Ìgbà tí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá ló máa dìde. Ó ní, "Rófíà, Lárúbáwá wà fún oníbàárà. Ṣé mo fẹ́ ta nǹkan fún ẹ ni?" Bí mo ṣe gbọ́ Yorùbá nìyẹn, ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ebi.

Ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ọ̀gá ni omi. Àgọ́ kankan kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn láìjẹ́ pé Bàbá pa á sí ẹ̀yìnkùlé, kó wọ inú rẹ̀ jókòó, kó sì ní kí ẹnì kan fi rọ́bà máa wọ́n omi sí i lórí. Kì í ṣe ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ó lè jókòó síbẹ̀ kó ka tẹ̀sùbáà yípo lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọ̀gá á ní tuntun ni àgọ́, ilé iṣẹ́ tó rán an ti yẹ̀ ẹ́ wò, oníbàárà sì ń dúró. Bàbá ò ní jáde. Láti inú àgọ́ ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀, "Ẹ jẹ́ kó jò sórí mi kó tó jò sórí ọmọ ọlọ́mọ."

Ìjà kejì tún burú ju ti omi lọ. Bí ẹ bá wá ra àgọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á bi yín pé níbo lẹ fẹ́ pa á sí. Kì í ṣe ìbéèrè ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ dá yín lára yá. Bí ìdáhùn yín ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní tà á. Mo rí i tó gba àgọ́ padà lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, torí pé ọ̀gbẹ́ni náà ní ibi tí òun bá ti rí ibòòji lòun máa sùn. Ọ̀gá pariwo lé e lórí níwájú gbogbo wa lọ́jọ́ náà, ó ní ṣé ilé ìtajà lòun ṣí ni àbí ilé ẹjọ́. Bàbá jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wá ní, "Ọ̀gá, ẹ tà á fún un fúnra yín. Èmi ò ní fọwọ́ mi tà á." Ọ̀gá ò tà á.

Ẹ wò ó, ìbéèrè yẹn ti wá di tèmi. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí pé òun ló ni ín. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bi tọkọtaya kan pé níbo ni wọ́n fẹ́ pàgọ́ sí, mo sì gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́yìn mi, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a to àwọn àpò ìsùn sí, ikọ́ gbígbẹ tó máa ń wú kó tó sọ̀rọ̀. Mo yíjú. Kò sẹ́nì kankan. Mi ò kì í ṣe ẹni tó máa ń rí òkú, mi ò sì fẹ́ràn àwọn tó máa ń rí wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, mi ò sì lè sọ pé mi ò gbọ́.

Òjò náà tún wà níbẹ̀. Òjò kì í sábà rọ̀ níbí, ìdí nìyẹn tí inú àwọn èèyàn fi máa ń dùn bó bá ṣú. Àwọn ọmọdé á jáde síta, àwọn àgbà á gbé àga sí ẹnu ọ̀nà. Inú Bàbá kì í dùn. Bí ìkùukùu bá ti ga lápá ìlà-oòrùn, níbi tí àwọn òkè wà, á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á lọ dúró sí ìta, kò ní jókòó, kò ní mu omi. Ìyá mi á ní, "Bàbá, ẹ wọlé, ọ̀nà jíjìn ló ti ń rọ̀." Á ní, "Ọ̀nà jíjìn yẹn gan-an ni mò ń wò."

Nígbà tí mo wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi lọ sí Mẹ́kà. Kó tó di pé a rìn dé mọ́sálásí Haram, a máa ń dúró ní Jarwal, ní òdìkejì ilé kan tó ní ilẹ̀kùn àwọ̀ búlúù. Á ra omi ọsàn fún mi, á ní ká sinmi ẹsẹ̀. Èmi tí ẹsẹ̀ ò ro, mo máa ń mu omi ọsàn mi, mo ń wò ó. Òun ń wo ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan ó kọjá sí òdìkejì, ó gbé ọwọ́ sókè kó kàn án, ọwọ́ náà dúró lókè bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó padà wá bá mi. Ìrun Àsìrì la ṣẹ̀ṣẹ̀ kí, oòrùn ṣì wà lókè, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Ó ní, "Ó jọ pé wọ́n ń sùn."

Bó ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Nígbà tí mo dàgbà tí mi ò bá a lọ mọ́, òun nìkan ń lọ. Mo rò pé ìyàwó kan ló ní níbẹ̀, mo sì ti ń bínú sí i nítorí ìyá ìyá mi.

Ọdún kejì tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ló sọ òótọ́ fún mi. Inú àgọ́ tó ń yẹ̀ wò la jókòó sí, omi rọ́bà ń dún lórí wa. Mo ti tún béèrè bí mo ṣe máa ń béèrè, pé kí ló dé tí kò lọ ṣe Hájì, ṣebí ó ti ní ìwé. Ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ayé ni pé ìgbà Hájì lọjà ń yá. Lọ́jọ́ náà kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Rófíà, mi ò sùn sínú aṣálẹ̀ rí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́.

"Úmúrà ni mo bá wá, mi ò padà, o mọ ìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ níbí láìní ìkámà, ìwé ìgbélùú. Ọ̀nà tó lọ sí aṣálẹ̀, ọlọ́pàá wà níbẹ̀ tó ń yẹ ìwé wò. Ẹ̀yìnkùlé yìí ni gbogbo aṣálẹ̀ tí mo mọ̀. Ohun tí oníbàárà kan bá sọ fún mi nípa ibẹ̀ ni mo ń sọ fún oníbàárà kejì, bí ẹni tó ti débẹ̀."

Ó wá sọ fún mi nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sáálì, tí kò lè ju ogún ọdún lọ. Sáálì wá ra àgọ́. Ó ní atẹ́gùn máa ń gbé àgọ́ àwọn ṣubú, ó béèrè ibi tó dáa láti pa á sí. Bàbá ní kí wọ́n wá ibi tó rẹlẹ̀ láàárín òkúta, níbi tí yanrìn ti rọ̀, èèkàn á wọlé dáadáa, òkè á sì dí atẹ́gùn. Sáálì dúpẹ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lọ, wọ́n rí irú ibẹ̀, wọ́n sùn síbẹ̀. Ojú ọ̀nà omi ni. Òjò rọ̀ sórí òkè níbi tó jìnnà, lójú ọ̀run tiwọn kò sí ìkùukùu kankan. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni àgbàrá dé. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì rí òkúta dì mú, omi gbé Sáálì lọ. Ọ̀kan nínú wọn ló wá sí Bahra lọ́jọ́ kejì, ó dúró níwájú Bàbá, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ká sùn síbẹ̀."

"Ẹyin lohùn," Bàbá sọ fún mi. "Èyí tó fọ́ yẹn, mo ṣì ń rí i nílẹ̀."

Mo béèrè ìdí tí kò fi lọ kí àwọn òbí ọmọ náà. Ó ní ọlọ́pàá ń wọlé, wọ́n ń jáde nílé náà, òun ò sì níwèé. Ìyàwó àti ọmọ òun wà ní Ruwais, wọn ò níwèé bákan náà. Ilé ìkẹ́rùsí ló sá pamọ́ sí. Nígbà tí ọ̀gá wá ṣe ìkámà fún un lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó wá ilé wọn rí ní Jarwal, ó débẹ̀, kò lè kan ilẹ̀kùn. "Ẹni tí kò wá kí ni lọ́jọ́ kẹta, kí ló wá ń wá lọ́dún kẹta?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí Hájì fi há mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó ń lọ Hájì máa ń kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀. Àwọn tó wà nílé máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ojúlé kan ṣoṣo ni ti Bàbá, kò sì lè wọ̀ ọ́. Mo bá a wí. Mo ní, "Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn yẹn. Àgbà bíi tiyín ń dúró lójú títì bí ọmọ tó fọ́ ìkòkò." Kò bínú. Ó wo òkè àgọ́ níbi tí omi ti ń ṣàn lọ, ó ní, "Tí wọ́n bá ní àwọn ò forí jì mí ńkọ́?"



Ìgbà òtútù tó kọjá ló dùbúlẹ̀, kò sì pẹ́. Ní ọjọ́ méjì kó tó lọ, mo ń fi ṣíbí fún un lómi mu, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bá mi kan ilẹ̀kùn yẹn." Mo ní mo gbọ́. Obìnrin kì í bá wọn dé itẹ́ òkú níbí, nítorí náà àbúrò ìyá mi ló wá sọ fún wa bó ṣe lọ. Ó ní òun dúró níwájú òkú lẹ́yìn tí wọ́n kírun sí i lára, òun ní ẹnikẹ́ni tí Bàbá bá ṣẹ̀ kó forí jì í, gbogbo èèyàn sì dáhùn pé àwọn ti forí jì í. Ìyá mi dúpẹ́. Èmi ò lè dúpẹ́, torí mo mọ ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo ní mo ń lọ sí Jarwal, ìyá mi bẹ̀ mí. Ó ní, "Àwọn onílẹ̀ ni wọ́n. Bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, iṣẹ́ ẹ ńkọ́? Ìkámà ẹ ńkọ́? Òkú ò níwèé tí wọ́n lè gbà, ìwọ lo níwèé." Òótọ́ ló sọ, ẹ̀rù sì bà mí. Mo lọ ṣáá. Mo kan ilẹ̀kùn náà kíákíá kí ọwọ́ mi má baà ronú.

Ọmọbìnrin kan ló ṣí i. Mo ní ìyá Sáálì ni mo wá kí. Ó mú mi wọ yàrá àwọn obìnrin, ibi tí Bàbá ò lè dé láéláé, kódà bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún un. Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwọ ni ọmọdé tó máa ń mu omi ọsàn."

Mo jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kí n jókòó. Mo sọ fún un pé Bàbá ti kú, mo sọ ohun tó rán mi. Mo ti há a sórí láti Bahra, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ wọ́ jáde lẹ́nu mi ségesège. Ó bu kọfí fún mi.

Ó ní, "Láti ojú fèrèsé yìí ni mo ti ń wò ó. Lọ́dọọdún ni ọkọ mi fẹ́ jáde lọ bá a. Ó ní, àgbàlagbà ni, jẹ́ kí n lọ fà á lọ́wọ́ wọlé, ọwọ́ Ọlọ́run ni ọmọ wà. Èmi ni mo ń dá a dúró."

Mo ní, "Kí ló dé, Màmá?"

"Ọjọ́ tí Sáálì lọ ra àgọ́, inú ọkọ̀ ni mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ wà nílẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí baba rẹ sọ fún un. Ará aṣálẹ̀ ni àwọn tó bí mi. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ̀ pé èèyàn kì í sùn sójú ọ̀nà omi nígbà òjò, bí ojú ọ̀run tilẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n inú ọmọ mi ń dùn, ó wà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ti bẹ̀ mí pé kí n má máa pàṣẹ fún òun níwájú wọn. Mo ní n óò sọ fún un tí a bá délé. A délé, àlejò ti kún ilé. Mo gbàgbé."

Ó gbé ife tirẹ̀ kalẹ̀.

"Mi ò sọ fún bàbá Sáálì títí òun náà fi kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Bó bá forí ji baba rẹ, ọ̀rọ̀ náà á kúrò lọ́rùn baba rẹ, á máa wá ẹlòmíràn tó máa gbé e. Èmi nìkan ló kù. Mo jẹ́ kó máa dúró lójú oòrùn. Mo forí jì í, ọmọ mi, bó bá jẹ́ pé nǹkan wà tí mo ní láti forí jì í fún. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o lè forí jì mí lórúkọ rẹ̀?"

Mo mọ ohun tí Bàbá ì bá sọ. Kí ìyá náà tó parí ọ̀rọ̀ ni ì bá ti ní ó ti tán, bóyá òun náà ló tún máa bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni Bàbá. Mo ń wo fèrèsé yẹn, mo ń ka ọdún, mo ń rí ọwọ́ Bàbá lókè. Inú ń bí mi débi tí ojú mi ń gbóná, àánú ìyá náà sì tún ń ṣe mí, mi ò mọ èyí tí n óò mú.

Mo ní, "Màmá, mi ò tíì lè sọ ọ́."

Ó gba ife kọfí lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Má kánjú, ọmọ mi. Èmi náà ò kánjú."